Páàtì tuntun nínú ẹ́ńjìnì àtijọ́: ohun tí iṣẹ́ Ìjàpá kọ́ mi

Tí mo bá ti gbọ́ tí ẹnì kan ń sọ pé òun ti ra gbogbo páàtì ẹ́ńjìnì òun pé, pé tuntun ni gbogbo ẹ̀, ó kù kí mẹkáníìkì kàn tò ó pọ̀, àyà mi máa ń já. Láti ìgbà tí mo ti ń tún ẹ́ńjìnì mọ́tò àtijọ́ ṣe, pàápàá Volkswagen Beetle tí gbogbo wa mọ̀ sí Ìjàpá, ohun tí iṣẹ́ yìí fi yé mi jù ni pé páàtì tuntun ò tíì di ti ẹ́ńjìnì yín àfi tẹ́ ẹ bá wọ̀n ọ́n, tẹ́ ẹ kì í bọ ààyè ẹ̀ wò, tẹ́ ẹ fọwọ́ yí i, tẹ́ ẹ sì rí i pé òun àtàwọn tó yí i ká gba ara wọn. Bó ti wù kó máa dán tó, tí ẹ ò bá tíì ṣe ìyẹn, inú páálí ló ṣì wà.

Ẹ wo ìdí ẹ̀. Mọ́tò yìí pẹ́ láyé. Jámánì ló ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n ṣe é ní Bràsíl, wọ́n ṣe é ní Mẹ́síkò, Puebla ní Mẹ́síkò yẹn náà ni èyí tó kẹ́yìn pátápátá ti jáde lọ́jọ́ 30 oṣù keje ọdún 2003, nígbà yẹn àpapọ̀ èyí tí wọ́n ti ṣe ti di 21,529,464. Mọ́tò tó pọ̀ tó báyìí, páàtì ẹ̀ ò lè dàwátì, ìyẹn sì dáa fún wa. Ṣùgbọ́n láàárín gbogbo ọdún yẹn ni wọ́n ń yí nǹkan padà díẹ̀díẹ̀, ẹ́ńjìnì méjì tẹ́ ẹ bá wò lókèèrè tẹ́ ẹ máa ní ọ̀kan náà ni wọ́n, ẹ tú wọn, ẹ máa rí i pé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. 1300, 1500 àti 1600 (nọ́ńbà yìí ń sọ bí ẹ́ńjìnì ṣe tóbi tó), mílímítà 69 ni ìrìn písítìn gbogbo wọn, àmọ́ ẹnu sílíńdà 1300 jẹ́ 77, ti 1500 jẹ́ 83, ti 1600 jẹ́ 85.5. Ẹ wá fi ti pé onírúurú ọwọ́ ló ń ṣe páàtì wọ̀nyí lónìí kún un, àwọn kan mọ iṣẹ́, àwọn kan ń fojú díwọ̀n, páálí àwọn méjèèjì sì lè jọra.

Ọ̀kan wà tí mi ò lè gbàgbé. Bàbá kan gbé ẹ́ńjìnì 1600 wá, wọ́n ti tú u palẹ̀ níbòmíì kó tó dé ọ̀dọ̀ mi, wọ́n ti gbé kíráǹkì ẹ̀, irin ńlá tí àwọn písítìn ń yí, lọ sọ́dọ̀ àwọn tó máa ń lọ̀ ọ́, ìyẹn ti lọ̀ ọ́ kó fi 0.50 mílímítà kéré sí ti tẹ́lẹ̀, wọ́n sì ti ra bíárìn, ìyẹn ohun tí kíráǹkì ń yí nínú ẹ̀, tí wọ́n kọ 0.50 gàdàgbà sára páálí ẹ̀. Bàbá ní, "Ọmọ mi, gbogbo ẹ̀ ló wà níbẹ̀ yẹn, tuntun ni gbogbo ẹ̀ o." Mo ní ẹ ṣé sà, ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ wọ̀n wọ́n. Wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Nǹkan tuntun lo fẹ́ wọ̀n?" Mo ní àwọn gan-an ni mo fẹ́ wọ̀n sà, èyí tó ti gbó, mo ti mọ̀ pé ó ti gbó.

Bíárìn ńlá mẹ́rin ló gbé kíráǹkì Ìjàpá dúró. Ìkejì nìkan ló là sí méjì, àwọn mẹ́ta tó kù, òrùka odidi ni wọ́n. Mo nu ojú kíráǹkì, mo da ọ́ìlì díẹ̀ sí i, mo kó wọn wọ̀ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìkíní wọlé, ó ń yí wẹ́rẹ́, kò mì. Ìkẹrin náà bẹ́ẹ̀. Ìgbà tó kan ìkẹta, ó wọlé, ṣùgbọ́n ó ń jó lára irin, mo fọwọ́ tì í sókè ó lọ, mo tì í sílẹ̀ ó lọ. Mo gbé micrometer, mo wọn bó ṣe nípọn tó, sítáńdáàdì ni, èyí tó wà fún kíráǹkì tí wọn ò tíì lọ̀. Wọ́n kó bíárìn sítáńdáàdì kan sáàárín àwọn 0.50, wọ́n sì lẹ páálí ẹ̀ pa. Àlàfo tó yẹ kó wà láàárín kíráǹkì àti bíárìn yẹn kò yẹ kó ju nǹkan bíi 0.10 mílímítà lọ, èyí tó wà níbẹ̀ ti lé ní ìdajì mílímítà. Ká ní a dì í pa bẹ́ẹ̀ ni, gbogbo ọ́ìlì tí pọ́ǹpù bá ń tì lọ, ibẹ̀ ló máa ti máa dà nù, àwọn bíárìn tó kù á máa jẹ irin gbígbẹ, iná ọ́ìlì á máa ṣẹ́ wa lójú bí ẹ́ńjìnì bá ti gbóná, kò sì ní pẹ́ tó fi máa nọ́ọ̀kì. Mo gbé kíráǹkì náà fún bàbá, mo ní ẹ fọwọ́ ara yín mì í sà. Wọ́n mì í, wọ́n mi orí. Ẹni tó tà á pààrọ̀ ẹ̀ fún wọn, èyí tó pààrọ̀ ẹ̀ náà, mo tún wọ̀n ọ́n.

Ẹ má sì jẹ́ kí ìwọ̀n yín parí sórí bíárìn nìkan o. Kíráǹkì tí wọ́n lọ̀ náà, ẹ wọ̀n ọ́n, ẹ wọ̀n ọ́n lọ́nà méjì tó dábùú ara wọn, torí ó lè má rí roboto mọ́. Bulọ́ọ̀kù náà lè ti jẹ níbi tí bíárìn ń jókòó sí, pàápàá tí ẹ́ńjìnì yẹn bá ti gbóná jù rí, èyí túmọ̀ sí pé wọ́n gbọ́dọ̀ tún ojú ihò yẹn lu kó tò gbọọrọ, kẹ́ ẹ sì wá ra bíárìn tí ẹ̀yìn ẹ̀ nípọn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìdí nìyí tí kì í fi í dáa kéèyàn ra bíárìn kó tó mọ ìwọ̀n kíráǹkì àti ti bulọ́ọ̀kù, ẹ wọ̀n ná, kẹ́ ẹ tó mú owó jáde.

Ohun míì tó wà nídìí bíárìn yìí ni píìnì kékeré tó wà nínú bulọ́ọ̀kù. Ihò kan wà lára bíárìn tí píìnì yẹn gbọ́dọ̀ wọ̀, òun ni kì í jẹ́ kí bíárìn máa bá kíráǹkì yí lọ. Wàhálà ibẹ̀ ni pé tí kíráǹkì bá ti wà nínú bíárìn, ẹ ò rí ihò yẹn mọ́, abẹ́ ló wà, ọwọ́ lásán lẹ fi ń wá a. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé kí n tó kó bíárìn sára kíráǹkì rárá, n ó kọ́kọ́ gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sórí píìnì ẹ̀ nínú bulọ́ọ̀kù, tó bá ti jókòó dáadáa n ó fi pẹ́ńsù fa ìlà síbi tó ti bá etí bulọ́ọ̀kù pàdé. Tó bá wá di pé mo ń gbé kíráǹkì sílẹ̀, ìlà yẹn ni mo máa ń wò, tó bá ti bá etí dọ́gba, mo mọ̀ pé píìnì ti wọ ihò, ẹ sì máa ń gbọ́ ọ tó bá bọ́ síbẹ̀, ó máa ń ró tọ́ọ́ báyìí, kíráǹkì á sì jókòó sísàlẹ̀ díẹ̀ sí i. Tí píìnì ò bá wọlé tẹ́ ẹ dé apá kejì bulọ́ọ̀kù lé e lórí tẹ́ ẹ sì fún un pa, bíárìn yẹn ti tẹ̀ nìyẹn, kíráǹkì ò ní yí mọ́.

Torí náà, nọ́ọ̀tì ńlá mẹ́fà tó so apá méjèèjì bulọ́ọ̀kù pọ̀ yẹn, 25 foot-pound (ìwọ̀n bí wọ́n ṣe ń fún nọ́ọ̀tì le tó) ni mo máa ń fún wọn, àmọ́ bí mo bá ti fún ọ̀kan, mo máa ń yí kíráǹkì wò kí n tó kan èkejì. Tó bá ń yí wẹ́rẹ́ tẹ́lẹ̀ tó wá le lójijì lẹ́yìn nọ́ọ̀tì kan, ẹ dúró, ẹ tú u padà. Ẹ má sọ pé tó bá ṣiṣẹ́ díẹ̀ á là. Kì í là.

Tí mo bá ní kí n mú ibì kan tí ẹ́ńjìnì yìí ti máa ń fi ẹni tó gba sùúrù hàn yàtọ̀, ibi wáṣà tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́ta tó wà lẹ́yìn fúláíwíìlì, àgbá irin wíwúwo tó wà ní ìdí kíráǹkì, ni. Wáṣà yẹn ló ń pinnu bí kíráǹkì á ṣe máa rìn síwá sẹ́yìn tó. Ẹ́ńjìnì kankan ò lè wà láìní ìrìn yẹn rárá torí irin máa ń wú tó bá gbóná, ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ pọ̀, torí gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá tẹ kílọ́ọ̀ṣì lẹ ń ti kíráǹkì lu bíárìn kìíní, tí àyè bá pọ̀ níbẹ̀ ńṣe ló máa ń gbá a bí òòlù, ààyè bíárìn nínú bulọ́ọ̀kù á máa jẹ díẹ̀díẹ̀. 0.07 sí 0.13 mílímítà ló yẹ kó wà. Wáṣà mẹ́ta ló gbọ́dọ̀ jẹ́, kì í ṣe méjì tó nípọn, kì í sì í ṣe mẹ́rin. Oríṣiríṣi nínípọn ni wọ́n ń ṣe é, 0.24, 0.30, 0.32, 0.34, 0.36.

Bí mo ṣe ń ṣe é rèé. N ó fi wáṣà méjì péré síbẹ̀, n ó má tíì fi síìlì ọ́ìlì sí i, n ó de fúláíwíìlì, n ó gbé dial gauge, aago tó ń ka bí nǹkan ṣe rìn tó, sára bulọ́ọ̀kù kí ẹnu ẹ̀ kan fúláíwíìlì, n ó wá ti fúláíwíìlì wọlé, n ó fà á jáde, n ó ka iye tó rìn. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ó rìn 0.42. Ẹ yọ 0.10 kúrò níbẹ̀, torí 0.10 ni mo fẹ́ kó ṣẹ́ kù, ó ku 0.32, wáṣà kẹta mi nìyẹn. N ó tú fúláíwíìlì, n ó fi 0.32 kún un, n ó tún dè é, n ó tún wọ̀n ọ́n, ìgbà tó bá bọ́ sí 0.10 tàbí ibi tó sún mọ́ ọn ni síìlì tó kàn án. Àwọn kan máa ń gbàgbọ́ ohun tí wọ́n kọ sára wáṣà, èmi máa ń wọn wáṣà tuntun náà kọ̀ọ̀kan, mo ti rí èyí tí wọ́n kọ 0.34 sí tó jẹ́ pé 0.31 ló wọ̀n. Lórí nǹkan tí gbogbo ààyè ẹ̀ ò ju 0.06 lọ, ìyàtọ̀ 0.03 ti kó ìdajì ẹ̀ lọ. Nọ́ọ̀tì àárín tó de fúláíwíìlì yẹn, sípánà 36 ló ń lò, ó sì ń gba ju 200 foot-pound lọ, torí náà kẹ́ ẹ tó gun ún ní àgungbẹ̀yìn, kí gbogbo ìwọ̀n yẹn ti pé.

Sílíńdà àti písítìn wọn kì í sábà dà mí láàmú, wọ́n máa ń kó wọn pọ̀ ní mẹ́rin mẹ́rin. Ẹ ṣáà gbé písítìn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sórí òṣùwọ̀n kékeré, kí wọ́n má fi ju gíráàmù 10 lọ yàtọ̀ síra wọn, kí àmì ọfà orí písítìn kọjú sí fúláíwíìlì. Ríìngì ni mo máa ń fara balẹ̀ wò. Ẹ bọ́ ríìngì kan sínú sílíńdà láìsí lára písítìn, ẹ fi orí písítìn tì í kó tò gbọọrọ, ẹ wá ki feeler gauge, irin pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń wọn àlàfo, bọ àárín ẹnu ẹ̀ méjèèjì. Ríìngì òkè, 0.30 sí 0.45 ló yẹ kó wà níbẹ̀. Tó bá kéré síyẹn, tí ẹ́ńjìnì bá gbóná tí ríìngì bá wú, ẹnu ẹ̀ méjèèjì á pàdé, kò ní ibi tó máa lọ mọ́, á há sára sílíńdà, á fá a, tàbí kó kán. Èyí tó bá kéré, fáìlì tó kúnná lẹ máa fi ha ẹnu ẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ẹ máa wọ̀n ọ́n bẹ́ ẹ ṣe ń ha á lọ. Ibi tí wọ́n kọ TOP sí kó kọjú sókè písítìn, kí ẹnu àwọn ríìngì má bára wọn ṣe déédéé, kí ẹnu ríìngì ọ́ìlì wà lápá òkè, torí ńṣe ni sílíńdà ẹ́ńjìnì yìí sùn, tí ẹnu yẹn bá wà nísàlẹ̀ ibẹ̀ ni ọ́ìlì á máa gbà.

Pọ́ǹpù ọ́ìlì, èyí ti kó ọ̀pọ̀ èèyàn sí wàhálà. Jíà káàmù, ìyẹn irin tó ń ṣí fáàfù, ti àwọn ẹ́ńjìnì àtijọ́ pẹrẹsẹ lójú, ti àwọn tó jáde lẹ́yìn rì sínú bí abọ́. Pọ́ǹpù tó bá ọ̀kan mu ò bá èkejì mu, bẹ́ẹ̀ ihò bulọ́ọ̀kù kan náà ni wọ́n jọ ń wọ̀, ó máa wọlé, ó máa dè, ẹ sì máa rò pé ó tán. Ẹ yí kíráǹkì ká dáadáa pẹ̀lú ọwọ́ kẹ́ ẹ tó fún un pa, tí ẹ bá gbọ́ kí irin máa ha irin, ẹ ti mọ ibi tó wà. Àlàfo láàárín jíà inú pọ́ǹpù àti ìdérí ẹ̀ náà, kó má ju 0.10 lọ.

Ọ̀rọ̀ fífún bóòtì wá ń dùn mí gan-an. Irin tí magnesium pọ̀ nínú ẹ̀ ni wọ́n fi ṣe bulọ́ọ̀kù Ìjàpá, ó fúyẹ́ ṣùgbọ́n kò le bí irin dúdú. Sítọ́ọ̀dù, irin gígùn olókùn tó mú tọ́ọ̀pù tó bo orí sílíńdà, wọnú bulọ́ọ̀kù yìí ni, tí ẹni tó ń fún un bá ní apá òun ni òun fi ń mọ̀ ọ́n, á fún un títí okùn inú bulọ́ọ̀kù á fi fà jáde. Sítọ́ọ̀dù mílímítà 10, 23 foot-pound ni, ti mílímítà 8 tó wà lára àwọn ẹ́ńjìnì tó jáde lẹ́yìn, 18 péré. Ó kéré lójú, mo mọ̀, àwọn ọmọ iṣẹ́ máa ń wò ó pé ṣé ó lè mú un báyìí, ó ń mú un jàre. Mi ò gba ẹnikẹ́ni láyè kó fún tọ́ọ̀pù níwájú mi láìlo torque wrench, sípánà tó ń fi bó ṣe le tó hàn. Tí okùn náà bá ti fà, oríṣi bọ́ṣì onírin kan wà tí wọ́n máa ń lu sínú bulọ́ọ̀kù tí sítọ́ọ̀dù á wá wọnú ẹ̀, ó máa ń lágbára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, tí bulọ́ọ̀kù bá ti wà nílẹ̀ títú báyìí mo máa ń gba ẹni tó ni ín níyànjú pé kí wọ́n ṣe gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tètè da páàtì àtijọ́ nù. Títí ẹ́ńjìnì á fi dúró ni mo máa ń kó wọn sílẹ̀ ní tòtẹ̀léra bí mo ṣe tú wọn. Èyí tuntun bá dé, n ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó jáde, n ó wo gígùn, n ó wo ihò, n ó wo bí okùn ẹ̀ ṣe rí. Gásíkẹ́ẹ̀tì máa ń dé tó jẹ́ pé ihò ọ́ìlì kan ò sí lára ẹ̀, tẹ́ ẹ bá gbé e lé ti àtijọ́ lẹ máa tó rí i. Àwọn nǹkan kan sì wà tí ti àtijọ́ dáa ju tuntun lọ pátápátá, bíi páànù tó ń darí afẹ́fẹ́ yí sílíńdà ká. Afẹ́fẹ́ ló ń tu ẹ́ńjìnì yìí lára, kò ní rediétọ̀, kò lo omi, páànù tí kò bá dé etí ibi tó yẹ kó dé, afẹ́fẹ́ á gba ibẹ̀ sá lọ. Sílíńdà kẹta ló kọ́kọ́ máa ń jìyà ẹ̀, torí nínú àwọn ẹ́ńjìnì àtijọ́, kúlà ọ́ìlì ló dí afẹ́fẹ́ lójú ọ̀nà kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹ̀. Páànù àtijọ́ tó bá ti dọ̀tí, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ kùn ún, ẹ dá a padà.

Páìpù tó bo púṣírọ́ọ̀dù, àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń ti fáàfù ṣí, náà, kẹ́ ẹ tó fi wọ́n síbẹ̀, ẹ fà wọ́n gùn tó 190 sí 191 mílímítà kí síìlì wọn lè mú dáadáa, kí ojú ibi tí wọ́n ti jó wọn pọ̀ kọjú sókè. Ìyẹn ò gba àkókò rárá, ó sì ń gbà yín lọ́wọ́ ọ́ìlì tó ń kán sílẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá fi káàmù tuntun sí i, ẹ fi tápẹ́ẹ̀tì tuntun, irin kékeré tó ń jókòó lórí káàmù, sí i. Èyí ò ní àríyànjiyàn lọ́dọ̀ mi. Tápẹ́ẹ̀tì tó ti bá káàmù míì ṣiṣẹ́ ti jẹ sí àwòrán káàmù yẹn, ojú ẹ̀ tó yẹ kó yọ díẹ̀ kó lè máa yí ti tẹ́, tó bá dúró sójú kan lórí káàmù tuntun á fá a títí á fi parun. Ẹ fi òróró tí wọ́n ń ṣe fún káàmù kun ojú méjèèjì. Kẹ́ ẹ tó tanná sí i, ẹ yọ púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ máa fi sítátà yí ẹ́ńjìnì títí iná ọ́ìlì á fi kú, ìgbà yẹn lẹ tó dá púlọ́ọ̀gì padà. Tó bá wá dáhùn, ẹ má jẹ́ kó máa jókòó sórí ìdúró jẹ́jẹ́, ẹ gbé e sí nǹkan bí 2,000 ìyípo ní ìṣẹ́jú kan, kó wà níbẹ̀ fún nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú, torí tó bá ń rìn jẹ́jẹ́ ọ́ìlì kì í ta sára káàmù tó.

Ẹ́ńjìnì 1600 bàbá yẹn dáhùn láìṣe wàhálà. Wọ́n fẹ́ gbé e jáde lójú ẹsẹ̀, mo ní ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ kó tutù pátápátá ná. Ìgbà tó tutù, mo da ọ́ìlì ẹ̀ jù, mo tú asẹ́ ìsàlẹ̀, mo fi aṣọ funfun nù ún. Eérú irin kúnnákúnná tó ń dán díẹ̀ ló wà níbẹ̀, ìyẹn ni ríìngì àti tápẹ́ẹ̀tì tó ń mọ ara wọn, kò sí èérún kankan. Mo wá ṣí ìdérí fáàfù, mo wọn àlàfo wọn lótùútù, 0.15 ni mo ti fi gbogbo wọn sí, méjì péré ló ti sún díẹ̀, mo dá wọn padà sí 0.15. Mo sọ fún wọn pé kí wọ́n padà wá lẹ́yìn 500 kìlómítà kí n tún fáàfù wọ̀n, torí ibẹ̀ la ti máa mọ̀ bóyá sítọ́ọ̀dù kan ń fà tàbí fáàfù kan ti ń jókòó. Wọ́n padà wá, gbogbo ẹ̀ ṣì wà ní 0.15.